Jìtá Ọjọ́ Agẹmọ Pé Àádọ́ta Ọdún

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá mi, ọmọ ìyá mi tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Bàbá wa tẹ̀ lé e, ọkọ tí mo fẹ́ tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀gá tó ń fo orúkọ mi nígbà tí ìgbéga bá dé lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà náà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ wọn pé a lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí mi kí n sì pa ẹnu mọ́. Mo ti di ẹni àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ará ìjọ mi ní kí n dárí jì í. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n dárí rẹ̀ jì í.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí tó ń ṣe ètò kan láràárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, lórí àwọn àyájọ́ nínú ìtàn orin rọ́ọ̀kì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ obìnrin kan ló ń darí rẹ̀. Yóò ní lónìí ló pé ogójì ọdún tí ẹgbẹ́ kan tú ká lọ́hùn-ún nílùú òyìnbó nítorí pé ẹni tó ń kọrin àti ẹni tó ń ta jìtá kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Lónìí ló pé àádọ́ta ọdún tí ọmọkùnrin kan fọ́ jìtá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú agbo. Àyájọ́ ikú àti ìjà ló pọ̀ jù nínú orin rọ́ọ̀kì. Mo máa ń yí ohùn rédíò náà wálẹ̀, torí àwọn aládùúgbò mi gbà pé orin ìyìn ló yẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì máa gbọ́ ní kùtùkùtù. Ohun tí mo ń retí lẹ́nu obìnrin yẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó ní ní oṣù tó ń bọ̀, àyájọ́ náà yóò jẹ́ tiwa, ti ìlú wa gan-an. Ó ní yóò pé àádọ́ta ọdún tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin láti Ìjẹ̀bú-Òde gbé àwo rọ́ọ̀kì kan ṣoṣo jáde, kí wọ́n tó fọ́n ká. Ó fi orin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ sí i. Kò sí ìlù nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọrin. Jìtá kan ló ń dá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn nínú ilé tí aláìsàn ń sùn sí. Nígbà tó parí, ó ní àwọn tó mọ̀ nípa orin ti ń wá orin yìí kiri láti ìlú òkèèrè, wọ́n fẹ́ tún àwo náà tẹ̀. Ó wá dárúkọ ẹni tó ta jìtá náà.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló dá. Ẹ̀kọ tí mo ń rò lórí iná jóná mọ́ ìkòkò.

Lọ́jọ́ kẹta, alága rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá sílé mi. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí mo ń sọ: ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí ní ìgbà kan náà, tí wọ́n jọ ń lọ kí ọba lọ́dọọdún, tí wọ́n sì máa ń jọ gbé ara wọn sin. Awọnlẹ̀ ni alága yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ohùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀.

“Ọ̀gá tíṣà! Ṣé ẹ ṣì ń nà wọ́n?”

“Ẹni tí mo fẹ́ nà kò wá sí kíláàsì mi rí,” mo dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn fẹ́ ṣe àyájọ́ àádọ́ta ọdún àwo náà ní gbọ̀ngàn, kí wọ́n fi yẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sí nígbà tó ṣì wà láyé. “A kì í dúró di ọjọ́ ìsìnkú ká tó sọ pé ẹnì kan gbọ́n,” ó ní. “A fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí gbogbo èèyàn yóò mú lọ sílé. Ìtàn àwo náà, bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin la fẹ́ kó kọ ọ́. Onímọ̀ ìtàn ni yín, àbúrò rẹ̀ sì ni yín. Ta ni kò mọ̀ pé ilé yín ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀? Ẹ wà níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ó parí! Ẹ ó fi orúkọ yín sí i lẹ́yìn. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí nǹkan nílùú yìí, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn.”

Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi yọ orúkọ mi kúrò lára ohun tí mo ṣe. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kí n fi orúkọ kan náà jẹ́rìí pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ní mo gbà. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn onítẹ̀wé fún wa. Kò mọ ohun tó fà á tí mo fi gbà, mi ò sì sọ fún un. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn kọ, irọ́ yóò di ìwé, mo sì ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ nípa agbára ohun tó bá ti di ìwé.

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà náà, mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé l'Ékòó. Jìtá oníná rẹ̀ kì í kúrò nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, torí onílé rẹ̀ l'Ékòó kò fẹ́ ariwo. Òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń ta á. Èmi ń ta á láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì nígbàkigbà tí a bá gba ìsinmi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo ń wo ibi tí ìka rẹ̀ ń dúró sí ní òpin ọ̀sẹ̀, n ó sì fi ìka tèmi síbẹ̀ nígbà tó bá ti lọ. Nígbà tó yá, ìka mi ń dé ibi tí tirẹ̀ kò dé. Ohun tó mọ̀ ni pé etí mi dára, pé mo lè tún okùn jìtá náà ṣe kí ohùn wọn bára mu. Iṣẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wọn nìyẹn: kí n tún okùn ṣe, kí n ká wáyà, kí n sì se ìkọ́kọrẹ́ fún ọkùnrin mẹ́rin tí ariwo ti mú kí ebi pa.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àwo, ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá láti Èkó. Yàrá àlejò bàbá wa ni wọ́n lò. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ti ògiri, wọ́n fi ẹní bo fèrèsé kí ariwo ìta lè dín kù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gba orin méje sílẹ̀. Wọ́n ní ó tó. Ọjọ́ kẹrin ló bọ́ sí ọjọ́ tí Agẹmọ máa kọjá.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú lè má mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Àwọn Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn aborẹ̀ wọn, yóò gbéra láti ìlú kálukú wọn, wọn yóò forí lé Ìmọ̀sán, ibi tí wọ́n ti ń ṣọdún náà. Bí wọ́n bá ń kọjá, obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n. Ilẹ̀kùn á tì, fèrèsé á dì. Ọjà kò ní ná, ẹnikẹ́ni kò ní gún iyán. Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde láti kùtùkùtù láti tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin ará Èkó náà lè jáde bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ìlú, òun kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ sí.

Èmi ń gbálẹ̀ yàrá àlejò náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n ti ń bọ̀. Ìyá mi àti àwọn obìnrin tó kù wà ní yàrá ẹ̀yìn. Láti dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ní láti la àgbàlá kọjá, àgbàlá wa kò sì ní géètì nígbà náà. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀, ó ń wo títì, títì ń wo òun náà. Bàbá wa ké láti ìta pé ẹni tó bá wà níbikíbi, kó dúró síbẹ̀, kó tilẹ̀kùn. Mo tilẹ̀kùn. Bí èmi àti àlejò ọkùnrin ṣe wà nínú yàrá kan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru mú. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ aago ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní téèpù kù sára ẹ̀rọ òun, òun fẹ́ dán wáyà kan wò. Ó bi mí bóyá mo lè fọwọ́ kan jìtá yẹn kí òun gbọ́. Ó yí áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá jáde, wálẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi kù bíi ti kòkòrò inú koríko, kí ó má ba à dé ìta, ó gbé makirofóònù súnmọ́ ọn. Mo ta ohun kan tí mo ti ń ṣe fúnra mi láti oṣù mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ojú mi wà nílẹ̀. Mo ta á tán. Mo gbójú sókè. Ó rọra tẹ ẹ̀rọ náà kí ó dúró, ó ní, “Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ?”

Àwọn ọkùnrin dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ata tó wà ní iwájú ilé wa ti tún ń ké, àwọn obìnrin ti bọ́ síta, ilé ti di ilé padà. Ará Èkó náà ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá gbọ́ nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ kan dúró gbọ́ ọ, torí wọ́n ti fi aṣọ di èkejì. Ó bi í pé ta ni. Ará Èkó náà tọ́ka sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò mí. Ó ní, “Fi sẹ́yìn àwo náà.”

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, àwo dé, orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn páálí rẹ̀: òun ló ta gbogbo jìtá. Mo bá a ní ìdí kànga, mo bi í léèrè. Ó ní, “Bí mo bá kọ orúkọ rẹ, wọ́n á bi mí pé nígbà wo lo ta á. Kí n sọ pé ọjọ́ Agẹmọ? Kí n sọ pé ìwọ àti ọkùnrin àjèjì jọ wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ta ni yóò fẹ́ ọ?” Mo lọ bá bàbá wa. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ń dáàbò bò mí, kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Wọ́n fẹ́ mi, lóòótọ́. Ọkọ mi ní aya tíṣà àgbà kì í ta jìtá. Mo dúró títí ó fi kú, mo sì ra jìtá tèmi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo sin ín dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ di gbajúmọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi gbogbo tí wọ́n bá péjọ sí, wọ́n á ní kó ta orin tó gbẹ̀yìn àwo yẹn. Àádọ́ta ọdún ló fi ń wí àwíjàre. Okùn jìtá ti já. Ọwọ́ ń dun òun. Nígbà tó dàgbà sí i, ó rí àwáwí tó dára jù: ó ní orin yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta á láyé. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́, wọ́n tilẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un sí i.

Ní báyìí, alága ti kọ ọ́ sínú ètò àyájọ́ náà pé yóò ta á. Ìyẹn ló gbé e wá sílé mi ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ń kọ ìwé wọn. Ó dá wá. Kò mu omi tí mo gbé fún un.

“Wọ́n ní kí n ta á lọ́jọ́ náà,” ó ní.

“Ẹ ta á, Bọ̀ọ̀dá.”

“Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.”

“Láti ìgbà wo?”

Ó fi ojú bá mi wí, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó bá wá. Ó ní aṣọ ìkélé kan máa wà lẹ́yìn ibi tí òun yóò jókòó sí. Ó ní bí mo bá lè jókòó sẹ́yìn aṣọ náà pẹ̀lú jìtá tèmi, òun yóò gbé tòun lọ́wọ́ níwájú, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ kí n bá òun mú ọmọ lọ sílé ìwé. Mo bi í pé ṣé kí n wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹsẹ̀ mi má ba à hàn lábẹ́ aṣọ náà.

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ lọ sọ fún alága pé èmi ni mo ta á. Ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé. Mo ti fi àyè sílẹ̀ ní ojú ewé rẹ̀.”

“Mo lè sọ,” ó ní. “N ó sì sọ ibi tí o wà lọ́jọ́ náà, àti ẹni tí ẹ jọ wà. Màmá pírínsípà. Ìyá ìjọ.”

“Ẹ sọ ọ́. Ọkọ wo ni wọ́n fẹ́ dá mi padà fún?”

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, mo rí i pé ọwọ́ tèmi ló ń gbọ̀n. Ó burú pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá ẹni lẹ́kun ní ogún ọdún ṣì lè dáni lẹ́kun ní àádọ́rin. Fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò kọ nǹkankan.

Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí onítẹ̀wé fẹ́ gba ìwé náà, alága pe ìpàdé sínú yàrá àlejò ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn márùn-ún wà níbẹ̀, pẹ̀lú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò náà àti ẹ̀rọ kékeré tó fi ń gbohùn sílẹ̀. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ìpápánu kiri. Ètò náà ni pé kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ìtàn, kí rédíò gbà á sílẹ̀, kí èmi náà sì kọ ọ́, ká lè fi kún àyè tó ṣì ṣófo nínú ìwé náà. Mo jókòó sí igun, mo gbé ìwé lé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ohun tí mo fẹ́. Kò mọ bóyá mo lè ṣe é. Èmi náà kò mọ̀.

Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ tó o. Ó sọ ti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé ti ògiri, ó sọ ti ará Èkó tó ń bẹ̀rù ọ̀bọ orí igi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orí orin tó gbẹ̀yìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà súnmọ́ ọn.

“Bàbá, mo ti gbọ́ orin yẹn àìmọye ìgbà. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Kò sí ariwo ọkọ̀, kò sí ẹ̀rọ ata, kò sí obìnrin tó ń pe ọmọ. Láàárín ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde! Báwo lẹ ṣe rí ibi tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó bi í rí. Ó fẹ̀yìn tì.

“Ọmọ mi, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọjọ́ Agẹmọ ni. Gbogbo obìnrin wà nínú ilé, gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì. Èmi nìkan pẹ̀lú jìtá mi. Ìdákẹ́jẹ́ Agẹmọ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn.”

“Háà!” ni ọmọbìnrin náà wí. Àwọn àgbàlagbà pàtẹ́wọ́. Alága náà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójijì lágbedeméjì.

“Agẹmọ ọdún wo?”

“Ọdún tí a ṣe àwo náà ni.”

“Ọdún yẹn kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ọdún yẹn ni èmi àti ìwọ tẹ̀ lé wọn dé Ìmọ̀sán, tí ẹ̀gún gún ọ lẹ́sẹ̀, tí mo pọ̀n ọ́ bọ̀ wálé bí ọmọ ọwọ́?”

“Ẹ̀gún kọ́ o, ìgò ni,” ni ẹnì kan láàárín wọn wí. “Èmi ni mo yọ ọ́. Ó ń pe ìyá rẹ̀!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọdún gbogbo ni wọ́n ń sọ ìtàn ìgò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹ̀rọ kékeré ọmọbìnrin náà tó ń tan iná pupa.

“Nígbà tí a padà dé ni mo ta á,” ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo gbọ́ ohùn ara mi kí n tó mọ̀ pé mo ti la ẹnu. “Bọ̀ọ̀dá, nígbà tí ẹ padà dé, àwọn obìnrin ti jáde. Ẹ̀rọ ata iwájú ilé wa ti ń ké.”

“Ẹ̀rọ tó ń dún bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ!” ni alága wí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, kò sì pariwo mọ́. “Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ta jìtá yẹn?”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù wá.” Kò sì kúrò lójú kan.

Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ka sí mi. “Ẹ bi í. Ẹ bi í ibi tó wà lọ́jọ́ Agẹmọ. Ẹ bi í ọkùnrin tí wọ́n jọ ti ilẹ̀kùn mọ́ra láti àárọ̀ títí a fi dé!”

Ó ti dé. Mo wo ojú gbogbo wọn, àwọn ọkùnrin tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí láti kékeré. Mo ní, “Mo wà ní yàrá àlejò bàbá wa, èmi àti ará Èkó tó ń gbohùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkéde bá mi, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò lójú kan. Èmi ni mo ta á.”

Alága wo ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé kò yé e. “Agẹmọ ń kọjá, kí ló fẹ́ kó ṣe? Kó jáde?”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan mi orí, òmíràn ní, “Ó tì o, kò lè jáde.” Àádọ́ta ọdún ni mo fi gbé ẹrù yẹn kiri. Mo gbé e wọ ilé ọkọ, mo gbé e wọ ilé ìwé, mo gbé e kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. Awọnlẹ̀ kan fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú gúgúrú. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà ju bí inú ṣe bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi lọ. Bó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó bi mí?

Mo dìde. Mo gbé ojú ewé náà lé orí tábìlì iwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ ìyókù ìtàn náà tán. Ìlà kan ló ṣófo níbi tí orúkọ ẹni tó ta jìtá yẹ kó wà. Mo gbé bírò lé e. Mo ní, “Mi ò ní kọ ọ́ fúnra mi. Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ fi sí i.”

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà pa ẹ̀rọ rẹ̀. Mi ò ní kó pa á, ìbá sì wù mí kó má pa á. Alága ní, “Kọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi.” Ẹ̀gbọ́n mi wo bírò náà. Mo rò pé yóò gbá a sílẹ̀. Ó mú un, ó sì kọ orúkọ mi tán pátá, orúkọ tí bàbá wa sọ mí àti èyí tí mo gbé wálé láti ilé ọkọ, pẹ̀lú lẹ́tà tó dúró gbọn-in. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Ó wò mí lójú, ohun tí kò ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Agẹmọ yẹn, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ létí gbogbo wọn:

“Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ pé o ti kọjá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mi ò ní nǹkan mìíràn láyé ju jìtá yẹn lọ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún ṣe é.”